Báwo Ni Owó Iṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Di Ẹjọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya lógò, tí ẹ ń gé fídíò, tí ẹ ń kọ ìkànnì tàbí tí ẹ ń túmọ̀ èdè fún ẹni tí ẹ ò fojú kàn rí, tó wà ní Toronto tàbí Houston nígbà tí ẹ̀yin wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Freelance ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí. Nínú àlàyé yìí, ẹni tó ń ṣe é ni mo máa pè ní oníṣẹ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un sì ni oníbàárà. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni bí owó tí ẹ ṣiṣẹ́ kára fún ṣe ń há sójú ọ̀nà, bó ṣe máa ń wọlé tán tí wọ́n á tún fà á padà, àti ibi tí ẹ ti lè rojọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì gbọ́ yín.

Kókó kan ló wà níbẹ̀, òun sì ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Ọ̀nà tí owó gbà dé ọ̀dọ̀ yín ló ń pinnu ẹni tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀, iye ọjọ́ tó wà fún ẹjọ́ náà, àti irú ẹ̀rí tí adájọ́ máa wò. Dọ́là 200 láti orí ọjà iṣẹ́ bíi Upwork, dọ́là 200 tí oníbàárà fi káàdì san, àti dọ́là 200 tó ti báǹkì kan bọ́ sí báǹkì kejì, owó kan náà ni wọ́n tí ẹ bá fẹ́ ná an. Tí ìjà bá dé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ káàdì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ Upwork lè jàre títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má sì rí kọ́bọ̀ gbà.

Ẹ wo télọ̀ àdúgbò yín. Tó bá rán aṣọ tán, orí ìkọ́ ni aṣọ máa wà títí oníbàárà á fi kó owó kalẹ̀. Bí wọ́n bá ń jiyàn, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ télọ̀. Fáìlì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ báyìí, ó ti dọ́wọ́ oníbàárà, kò sì sí ohun tí ẹ lè gbé kọ́ sára ògiri kí ẹ ní "ó dìgbà tó bá sanwó." Oníbàárà náà ń bẹ̀rù tirẹ̀: tó bá kọ́kọ́ sanwó, ẹ lè sá lọ. Ìbẹ̀rù méjèèjì yìí ló bí gbogbo ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ibẹ̀ ni àwọn ọjà iṣẹ́ bíi Upwork àti Fiverr ti wọlé. Wọ́n dúró sáàárín, wọ́n gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi dé. Escrow ni orúkọ ètò yìí. Owó àfipamọ́ ni mo máa pè é láti ibí lọ.

Ká mú Upwork wò. Ká ní ẹ gba iṣẹ́ lógò ní dọ́là 300, ẹ wá pín in sí ìpele mẹ́ta, dọ́là 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwòrán àkọ́yà ní ìpele kìíní, àtúnṣe èyí tí oníbàárà bá yàn ní ìpele kejì, fáìlì ìkẹyìn ní ìpele kẹta. Oníbàárà á kó owó ìpele kìíní sílẹ̀, ojú ìwé iṣẹ́ náà á sì fi hàn yín pé owó ti wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe é tán, bọ́tìnnì kan wà tí ẹ fi ń jíṣẹ́. Ẹ ó so fáìlì mọ́ ọn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti gba iṣẹ́ náà tàbí kó ní kí ẹ tún un ṣe. Bó bá dákẹ́ títí ọjọ́ 14 fi pé, owó á bọ́ sí ọ̀dọ̀ yín láìjẹ́ pé ó tẹ ohunkóhun. Ó tún máa dúró fún ọjọ́ márùn-ún fún ààbò, lẹ́yìn náà ẹ lè gbà á jáde.

Ètò tó dáa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa la fi máa ń bà á jẹ́. Oníṣẹ́ á fi fáìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp nítorí pé ibẹ̀ ló yá, kò ní tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ọjọ́ 14 ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn, oníbàárà sì lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí owó má mì. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì nígbà tí dọ́là 100 rẹ̀ ò tíì wọlé, torí oníbàárà ní, "Ẹ máa ṣe é lọ, mo máa kó o sílẹ̀ lọ́la." Bí ẹni náà bá pòórá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí owó kankan nílẹ̀ tí Upwork fẹ́ fún yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan ìpele tí owó rẹ̀ ò tíì sí nílẹ̀, bó ti wù kí oníbàárà náà lẹ́nu dídùn tó.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń san ní wákàtí wákàtí ní ètò tirẹ̀. Owó àfipamọ́ ò sí níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ló dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Upwork ní kí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà yín á máa ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà, mẹ́fà láàárín wákàtí kan, á sì máa ka iye ìgbà tí ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù àti iye ìgbà tí ẹ fọwọ́ kan máọ̀sì. Bí oníbàárà bá jiyàn wákàtí, tàbí tí káàdì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, Upwork lè san án fún yín, bí àwòrán bá fi hàn pé iṣẹ́ náà gan-an lẹ ń ṣe, tí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò kọ̀ọ̀kan. Wákàtí tí ẹ fọwọ́ kọ sílẹ̀ fúnra yín kò sí lábẹ́ ààbò yìí rárá. Ẹ̀yin tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́, tí ẹ wá bọ́ sórí fóònù láti parí iṣẹ́, kí ẹ mọ̀ pé wákàtí tí ẹ kọ kún un lẹ́yìn náà, inúure oníbàárà nìkan ló lè san án.

Fiverr, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ísírẹ́lì ní 2010, kò fi bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Oníbàárà á ti sanwó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti jíṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ló ní láti béèrè àtúnṣe. Tó bá dákẹ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Owó á tún dúró fún ọjọ́ 14 fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́, Fiverr á sì yọ ìdá 20 nínú 100 tirẹ̀. Kí ẹ ti fi ìdá 20 yẹn sínú iye tí ẹ ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Owó tí àwọn ọjà iṣẹ́ ń yọ yìí ló ń mú kí àwọn kan sọ fún oníbàárà pé "ẹ jẹ́ ká kúrò níbí, ká máa sanwó fúnra wa." Upwork ní òfin pé ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí ẹ bá pàdé oníbàárà lórí ọjà wọn, ibẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti máa gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni pé nígbà tí oníbàárà bá wá jẹ ẹ́ lówó, oníṣẹ́ náà ò lè padà lọ bá Upwork láti rojọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ló jáde kúrò níwájú adájọ́.

Níbo gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀? Lójú tèmi, inú gbólóhùn tí a fi gba iṣẹ́ ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Mo máa ya lógò tó dáa fún ilé iṣẹ́ yín, ẹ lè ní kí n tún un ṣe títí tó fi máa tẹ́ yín lọ́rùn." Ta ló fẹ́ sọ ohun tó dáa? Ìgbà wo ni oníbàárà fẹ́ ní ọkàn òun balẹ̀? Ẹ wá fi wé èyí: "Lógò kan, àwòrán àkọ́yà mẹ́ta kí ẹ yan ọ̀kan, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, fáìlì PNG àti SVG, ọjọ́ méje. Àtúnṣe kẹta sókè, dọ́là 20 lọ́kọ̀ọ̀kan." Tí oníbàárà bá béèrè àtúnṣe karùn-ún, kò sí ìjà níbẹ̀, iye owó ló wà. Tó bá sì gbé ẹjọ́ lọ, ẹni tó ń dá ẹjọ́, tí kò mọ lógò yàtọ̀ sí ìwé ìpolówó, lè ka ohun tí ẹ jọ fọwọ́ sí kó sì rí i bóyá ẹ ṣe é tàbí ẹ ò ṣe é.

Ní báyìí ká dé orí káàdì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń gbọgbẹ́ tí wọn ò rò tì. Ẹ ti ṣiṣẹ́, owó ti wọlé, ẹ tiẹ̀ ti ná an. Ó di oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìwé dé pé wọ́n ti fa owó náà padà. Chargeback ni wọ́n ń pè é. Ìgbowópadà ni mo máa pè é.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Oníbàárà pe báǹkì tó fún un ní káàdì, ó ní owó kan jáde lọ́nà tí kò tọ́. Báǹkì rẹ̀ á gbé ẹ̀sùn náà gba orí ètò Visa tàbí Mastercard lọ bá ilé iṣẹ́ tó bá yín gba owó náà. Ilé iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ yọ owó náà kúrò lára ohun tí ẹ ní lọ́dọ̀ rẹ̀, á sábà fi owó ìyọnu kún un, kó tó wá ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tí ẹ bá ti kó owó yẹn lọ sí náírà, àkáǹtì yín á jẹ gbèsè. Ẹ̀rí tí ẹ bá kó sílẹ̀ á padà lọ sọ́dọ̀ báǹkì oníbàárà, báǹkì oníbàárà yẹn náà ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ẹni tó jàre.

Ẹ kíyè sí adájọ́ yẹn. Báǹkì tí oníbàárà ń fi owó rẹ̀ pamọ́ sí ló ń dá ẹjọ́ láàárín oníbàárà rẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀yin ò ní bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìwé nìkan lẹ ó fi ránṣẹ́. Mi ò rò pé èyí tọ́ sí oníṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1974, Fair Credit Billing Act, ló fún ẹni tó ń lo káàdì gbèsè ní ẹ̀tọ́ láti jiyàn owó tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn, kí olè tó jí káàdì tàbí oníṣòwò tí kò fi ọjà ránṣẹ́ má bàa sọ ọ́ di onígbèsè. Ààbò gidi ni fún aláìṣẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oníbàárà tó ti gba iṣẹ́ tán lè fi ẹ̀tọ́ kan náà jalè.

Àkókò tó wà fún un gùn. Nínú òfin Visa àti Mastercard, ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ló ní ọjọ́ 120. PayPal ní ètò ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì fún ẹni tó sanwó ní ọjọ́ 180 láti mú ẹ̀sùn wá. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́ nítorí pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀sùn ìgbowópadà máa ń ní ìdí tí wọ́n kọ sí i, ìdí yẹn sì ni kí ẹ dáhùn. Bó bá ní "iṣẹ́ ò dé ọwọ́ mi," ọjọ́ àti wákàtí tí fáìlì lọ, pẹ̀lú ìdáhùn oníbàárà pé òun ti rí i, lẹ máa kó sílẹ̀. Bó bá ní "ohun tó dé yàtọ̀ sí àdéhùn," ẹ gbé àdéhùn àti iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bó bá ní "èmi kọ́ ni mo sanwó," ẹ̀rí tó wúlò ni ímeèlì tó bá orúkọ orí káàdì mu, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń bá ẹni náà sọ kó tó sanwó, tàbí iṣẹ́ náà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé gígùn nípa bí ó ṣe dùn yín tó, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kì í ran ẹjọ́ yìí lọ́wọ́. Ojú ìwé méjì tó mọ́, tí ọjọ́ tẹ̀lé ara wọn, ló dáa jù.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni èyí tí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹ lè mú un kọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ fura sí i. Nígbà tí ẹ bá ń jíṣẹ́, ẹ kọ irú èyí ní èdè tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Lógò tí ẹ yàn ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí nìyí, pẹ̀lú àtúnṣe méjèèjì tí ẹ béèrè. Fáìlì PNG àti SVG ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ sọ fún mi bóyá ohun gbogbo ti pé." Oníbàárà á dáhùn pé, "Ó pé, ó dáa gan-an, ẹ ṣé." Ìdáhùn kékeré yẹn ló máa dúró tì yín lọ́jọ́ tó bá di ẹjọ́.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀tàn kan tó ń gba orí káàdì. Oníbàárà tuntun fẹ́ iṣẹ́ dọ́là 250, ó wá san 900. Ó ní àṣìṣe ni, tàbí ó ní kí ẹ bá òun fi ìyókù san oníṣẹ́ mìíràn tí kì í gba káàdì. Ẹ fi dọ́là 650 ránṣẹ́ láti àkáǹtì yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ni káàdì tí wọ́n jí gan-an pe báǹkì rẹ̀, wọ́n sì fa 900 padà. Dọ́là 650 yín ti lọ, iṣẹ́ yín ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá san jù, ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé nìkan ni kí ẹ gbà dá a padà, lódindi.

Ọ̀rọ̀ PayPal kàn wá lọ́nà mìíràn. Láti 2014 tó ti wọ Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbà kí a fi sanwó ṣùgbọ́n kò gbà kí a fi gba owó. Bí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkáǹtì ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí Atlanta nìyẹn. Tí ẹjọ́ bá dé, ẹ̀gbọ́n ni olùjẹ́jọ́. Òun ni wọ́n máa béèrè ẹ̀rí iṣẹ́ tí kò ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni àkáǹtì tí wọ́n lè tì pa, pẹ̀lú owó tirẹ̀ nínú. Ẹ ro ti ẹ̀gbọ́n yẹn. Payoneer, tí ọ̀pọ̀ ọjà iṣẹ́ ń san owó sí, ń jẹ́ kí oníṣẹ́ gba owó ní orúkọ ara rẹ̀.

Owó tó wá tààrà láti báǹkì sí báǹkì ni kò ní ọjà iṣẹ́ tàbí ètò káàdì láàárín. Oore rẹ̀ ni pé kì í rọrùn fún oníbàárà láti fà á padà. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí kò bá san án rárá, ẹ̀yin àti òfin ìlú ló kù. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán tí ẹ kọ orúkọ yín gàdàgbà sí lójú hàn án kí ó tó san ìdajì kejì. Fáìlì tó mọ́ á tẹ̀ lé owó.

Bí oníbàárà bá wà ní Èkó, ilé ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní Small Claims Court, ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ìwé tí ẹ fi béèrè owó yín lọ́wọ́ onígbèsè lẹ máa kọ́kọ́ kọ. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba agbẹjọ́rò, ètò wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní ìlú New York, òfin Freelance Isn't Free ti wà níbẹ̀ láti 2017: iṣẹ́ tó bá tó dọ́là 800 gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kíkọ, bí àdéhùn ò bá sì dárúkọ ọjọ́ ìsanwó, owó gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọjọ́ 30 tí iṣẹ́ parí. Ní 2024, ó di òfin gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ní Britain, òfin 1998 lórí gbèsè oníṣòwò tó pẹ́ gbà yín láyè láti fi èlé lé owó tí ilé iṣẹ́ kan jẹ yín, ìdá 8 nínú 100 lọ́dún lórí iye èlé Bank of England, pẹ̀lú 40 pọ́n-ùn fún gbèsè tí kò tó 1,000 pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ ará wa ní Peckham, ní London, ń jẹ́ kí owó yìí lọ nítorí wọn ò mọ̀ pé tiwọn ni.

Bí oníbàárà bá wá gba owó rẹ̀ padà, tó sì ń lo iṣẹ́ yín lọ lójú gbangba, ohun kan kù. Ẹ wo àdéhùn yín bóyá ó sọ pé iṣẹ́ ò di ti oníbàárà títí yóò fi sanwó tán. Òfin Upwork àti ti Fiverr sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí ìkànnì rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, òfin Digital Millennium Copyright Act ti 1998 gbà kí ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó gbé ìkànnì náà ró pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ yín kúrò. Ẹ ó kọ àdírẹ́sì ojú ìwé tí iṣẹ́ náà wà, ẹ ó sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ ó sì buwọ́ lù ú. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti kọ èsì; tó bá kọ ọ́, ilé iṣẹ́ náà lè dá iṣẹ́ yẹn padà síta láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, àfi tí ẹ bá pè é lẹ́jọ́. Òfin kan náà ló sì ń jẹ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú ìwé yìí níyà, nítorí náà ẹ ka àdéhùn yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.